Èéfín Tí Kò Sí Nínú Ìgò

Ọwọ́ ni Indumati kọ́kọ́ mọ̀ kó tó mọ ojú ẹni tó ni ín.

Ọ̀sán gangan ni, nínú oṣù karùn-ún, nígbà tí oòrùn Kannauj, ìlú lọ́fíńdà ní ilẹ̀ Íńdíà, máa ń lé adìẹ wọ abẹ́ àga. Bàbá Lallan, àgbà àwọn tó ń dáná sídìí ìkòkò bàbà tí wọ́n fi ń se lọ́fíńdà, ló mú ọkùnrin kan wọ àgbàlá. Indumati wà lábẹ́ igi dóńgóyárò, ó ń yẹ àpáàdì wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ṣa èyí tí iná ti jó jù sọ nù.

"Ìyàwó ilé, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nìyí. Girdhari lorúkọ rẹ̀. Ó mọ iná dá jù mí lọ, ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún un pé mo wí bẹ́ẹ̀."

Indumati kò gbójú sókè. "Ṣé ó ń jẹ tábà?"

"Rárá o."

"Sìgá ńkọ́?"

"Kò fẹnu kàn án rí."

"Ọtí?"

"Ah-ah! Ìyàwó ilé, ṣé iṣẹ́ lẹ fẹ́ fún un ni, àbí ọmọ lẹ fẹ́ fi fún un?"

Àwọn obìnrin tó ń tẹ́ òdòdó sórí ẹní bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó lọ sídìí ẹ̀rọ omi, ó bu eérú díẹ̀, ó fi fọ ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá, ó nù ún gbẹ. Lẹ́yìn náà ló wá na ẹ̀yìn ọwọ́ sí Indumati.

"Bàbá ní ọwọ́ lẹ fẹ́ rí," ó ní.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí obìnrin tó ń ta lọ́fíńdà fi ń tọrọ ọwọ́ ọlọ́wọ́. Lọ́fíńdà kì í sọ òótọ́ nínú ìgò. Àfi kó kan ara tó gbóná, kó jókòó síbẹ̀ fún ìwọ̀n ìgbà téèyàn lè fi mu ife tíì kan, kó tó jẹ́wọ́ irú ẹni tó jẹ́. Gbogbo ẹni tó ń sè é ní Kannauj, ẹ̀yìn ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi ń dán an wò. Ṣùgbọ́n opó ni Indumati. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni nígbà tí Prabhat ọkọ rẹ̀ kú. Lọ́jọ́ náà wọ́n fọ́ ẹ̀gbà gíláàsì ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ògiri, wọ́n nu ọ̀dà pupa, àmì abilékọ, tó wà ní ìpín irun rẹ̀ kúrò, wọ́n wọ aṣọ funfun fún un. Ìyá ọkọ rẹ̀, Ìyá Dinkar, wá sọ fún un pé òórùn dídùn kò gbọdọ̀ kan ara rẹ̀ mọ́ títí yóò fi lọ bá ọkọ rẹ̀.

Irú kí lèyí? Ẹni tó ń se ọbẹ̀ ni kò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò! Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, Indumati kò sì bá ẹnikẹ́ni jà sí i. Ó ní ilé-iṣẹ́ tí yóò gbà là. Dinkar, àbúrò ọkọ rẹ̀, ti fẹ́ kí wọ́n máa po òróró olówó pọ́ọ́kú àti kẹ́míkà mọ́ ọn bí àwọn aládùúgbò ṣe ń ṣe. Indumati kọ̀ jálẹ̀. Ó ní òun kò ní ra igi ṣandan olóòórùn tí wọ́n jí gé nínú igbó, òun kò ní yan obìnrin tó ń já òdòdó jẹ, òun kò sì ní fi ọ̀rá ẹran sínú ọṣẹ. Èyí tó wá ga jù ni pé ohunkóhun tí òun bá kọ sára ìgò, òun gan-an ni yóò wà nínú ìgò. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń kọ bí òórùn kọ̀ọ̀kan ṣe rí. Nítorí ìkọ̀wé yẹn làwọn ará Mumbai ṣe ń rà á.

Ọwọ́ tí yóò fi dán an wò nìṣòro. Bí òdòdó róòsì bá kan ọwọ́ Bàbá Lallan pẹ̀lú tábà rẹ̀, òórùn rẹ̀ ń di ti àpò àgbẹ̀. Sìgá ti ba ọwọ́ Dinkar jẹ́. Àwọn obìnrin òdòdó, awọ ara wọn ti mu òdòdó yó láti kékeré, kò sóhun tuntun tó lè wọ̀ ọ́ mọ́.

Báyìí ni ọwọ́ Girdhari ṣe wà níwájú rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Indumati fi igi tín-ín-rín kan lọ́fíńdà ilẹ̀, èyí tí wọ́n ń ti ara àpáàdì sè, tí òórùn rẹ̀ dà bí ìgbà tí àkọ́rọ̀ òjò bá kan erùpẹ̀ gbígbẹ. Ó fi kán ẹ̀yìn ọwọ́ náà. Wọ́n dúró. Indumati tẹ̀ síwájú láìfọwọ́ kàn án, ó di ojú rẹ̀.

Òjò ló kọ́kọ́ gbọ́. Lẹ́yìn òjò, ilẹ̀. Lábẹ́ ilẹ̀, ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ohun kan bí èéfín ilé tí wọ́n ti ń dáná oúnjẹ alẹ́, tí wọ́n sì ń retí ẹnì kan.

"Ó ní èéfín díẹ̀ lẹ́yìn," ó sọ ọ́ jáde láìmọ̀.

"Ó lè rí bẹ́ẹ̀," Girdhari fèsì.

Indumati wọ inú ilé lọ, ó kọ ọ́ sílẹ̀: òjò, ilẹ̀, àti èéfín díẹ̀. Àyà rẹ̀ ń lù kì-kì-kì. Ó ní ooru ni.

Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Bí ìkòkò kan bá ti jiná, Girdhari á fọ ọwọ́, á nù ún, á nà án. Indumati á tẹ̀ síwájú, á di ojú, á gbọ́ ohun tó fẹ́ gbọ́, á kọ ọ́. Wọn kò fara kan ara wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ó bá parí, á padà sínú ilé tí ó ní yàrá mẹ́jọ àti opó méjì. Ìyá Dinkar á máa gbàdúrà níwájú òrìṣà rẹ̀, Indumati á sì jókòó ti búrẹ́dì pẹlẹbẹ rótì méjì àti ẹ̀wà tí kò ní àlùbọ́sà, nítorí opó kì í jẹ ẹ́ nínú ilé yẹn. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ wà tó jẹ́ pé ohùn tó gbọ́ jù ni ti ẹ̀yẹlé orí òrùlé. Ìdáwà náà ti mọ́ ọn lára débi pé ó ti ń pè é ní ìsinmi.

Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń dúró kí róòsì jókòó sára ọwọ́, ó bi Girdhari pé, "Ẹ ò ní ìyàwó ni?"

"Mo ní. Ó kú. Ọdún kan náà pẹ̀lú ọkọ yín."

"Ẹ pẹ̀lẹ́."

"Ẹ ṣeun." Ó wo ọwọ́ tó nà síwájú. "Ìyàwó tèmi náà kú, Ìyàwó ilé. Kò sẹ́ni tó fọ́ nǹkan kan lára mi. Kò sẹ́ni tó ní kí n má fi òórùn dídùn para. Ẹ wá wò ó, èmi tí mi ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, ara mi ni gbogbo rẹ̀ ń jókòó sí."

Indumati tún tẹ̀ síwájú. Ó gbóòórùn róòsì náà lẹ́ẹ̀mejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ti tó.

Obìnrin òdòdó kan ló tú àṣírí. Wọ́n ń jẹun ọ̀sán, ó sì ń pariwo sí Girdhari láti ọ̀nà jíjìn. "Ẹ wo ọkùnrin tó ń jẹ ẹ̀wà bí opó! Ọdún kẹta rèé, kò fẹnu kan àlùbọ́sà, kò fẹnu kan aáyù. Ẹ bi í pé ta ló ń fún un lóòfin!"

"Inú ló ń run mí," Girdhari fèsì.

"Inú kọ́, ẹ̀yìn ni! Ọwọ́ lò ń tọ́jú. Wọ́n ní àlùbọ́sà máa ń gba inú ara yọ sọ́wọ́."

Ẹ̀rín pa wọ́n. Indumati wà lẹ́yìn ògiri, ó ń gbọ́. Ọdún mẹ́ta! Ọkùnrin tó ń dáná láti àárọ̀ dalẹ́, tó ń jẹ oúnjẹ tí kò dùn, kí ó lè na ọwọ́ mímọ́ sí obìnrin kan fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Ó fi aṣọ bo ẹnu. Ìfẹ́ ni, ó mọ̀ pé ìfẹ́ ni, ẹ̀rù sì bà á ju bí ikú Prabhat ṣe dẹ́rù bà á lọ.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí Indumati ti gbóòórùn tán, Girdhari kò fa ọwọ́ rẹ̀ padà.

"Ẹ fi sára ọwọ́ tiyín lẹ́ẹ̀kan," ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́. "Ẹ̀ẹ̀kan péré. Kí n lè mọ̀ pé ẹ ṣì fẹ́ wà láyé."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ fún mi mọ́."

"Mi ò ní sọ ọ́ mọ́."

Kò sì sọ ọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, bí Indumati bá ti di ojú, ọ̀rọ̀ náà ló máa ń kọ́kọ́ gbọ́ kó tó gbọ́ òórùn.

Ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún kẹta ni Nandita ti Mumbai wá. Ọ̀dọ́bìnrin tó ní ṣọ́ọ̀bù ọṣẹ àti ìpara ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ní ìyípo. Wọ́n tẹ́ ẹní fún un nínú àgbàlá. Ìyá Dinkar jókòó lẹ́bàá fèrèsé, Dinkar dúró pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, àwọn òṣìṣẹ́ ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Nandita kán lọ́fíńdà ilẹ̀ sára ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e símú.

"Àǹtí, mi ò rí èéfín níbí o."

"Fara balẹ̀. Ó máa ń pẹ́ kó tó yọjú."

"Àǹtí mi, ó ti lé lóṣù kan tí mo ti ń fi í para. Àwọn oníbàárà mi ló ń yọ mí lẹ́nu. Wọ́n ní àwọn rí òjò, àwọn rí ilẹ̀, èéfín tí ẹ kọ dà? Ẹ wò ó, mi ò bá yín jà. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ bá kọ lẹ ní ó wà nínú ìgò. Ìdí tí mo fi ń kọjá ilé ogún wá bá yín nìyẹn. Bí ìyẹn bá ti di irọ́, kí ló kù?"

Dinkar ti gba ọ̀rọ̀ náà kó tó balẹ̀. "Mo ti ń wí i! Ẹni tó wà nídìí ìkòkò ni. Ó ń fún Àǹtí ní ojúlówó gbóòórùn, ó ń tà á síta, ó ń fi gbàrọgùdù dí ìgò. Olè ni!"

Gbogbo ojú yí sí ìdí ìkòkò. Girdhari wà nídìí omi tí wọ́n fi ń mú ìkòkò tutù, aṣọ títutù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àǹtí," Nandita bi í, "ọwọ́ ta lẹ fi dán an wò?"

Níbẹ̀ gan-an ni ó yé Indumati. Kò sí èéfín nínú ìgò. Kò sí i rí. Ogún ọdún tí Girdhari ti ń fi igi àti ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ dáná, èéfín ti wọ inú awọ ara rẹ̀ débi pé eérú àti omi kò lè mú un kúrò. Gbogbo lọ́fíńdà tó kan ọwọ́ náà ló gba èéfín. Òun, Indumati, tó fi ọdún mẹ́ta búra pé òótọ́ lòun ń kọ, òórùn ara ọkùnrin kan ló ti ń kọ sára ìgò, ó sì ti pè é ní dídùn títí dé Mumbai.

Gbólóhùn kan ló kù kó sọ. Ọwọ́ rẹ̀ ni èéfín wà. Bí ó bá sọ ọ́, Girdhari bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀sùn olè. Ṣùgbọ́n bí ó bá sọ ọ́, ìyá ọkọ rẹ̀ gbọ́, Dinkar gbọ́, tó bá dọ̀la, gbogbo Kannauj á gbọ́ pé opó Prabhat ń fi imú lépa òṣìṣẹ́. Ó la ẹnu. Ẹnu rẹ̀ gbẹ bí àpáàdì.

Girdhari wò ó. Ó ti yé òun náà, ó ṣeé ṣe kó ti yé e kí ó tó yé ẹnikẹ́ni.

"Ẹ fi Ìyàwó ilé sílẹ̀," ó ní. "Ẹ̀bi mi ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n dán an wò, iná mi pọ̀ jù, èéfín wọ̀ ọ́. Mo tún òmíràn sè, mi ò sọ fún wọn."

Irọ́ ni. Indumati mọ̀ pé irọ́ ni. Ó sì dákẹ́.

"Kó ẹrù rẹ!" Dinkar pariwo. "Lónìí!"

Girdhari gbé aṣọ títutù náà sórí ìkòkò kó má baà gbóná jù. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú eérú dé ìgúnpá, bí ó ṣe máa ń ṣe, ó nù ún. Lọ́tẹ̀ yìí kò nà án sí ẹnikẹ́ni. Ó kí Bàbá Lallan, ó jáde.

Bàbá Lallan kò bá Indumati sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Lọ́jọ́ karùn-ún ó ní Girdhari ti bá àwọn tó ń lọ sè òdòdó lẹ́bàá òkun ní Ganjam lọ, ọ̀nà tó jìn tó ọjọ́ méjì nínú ọkọ̀ ojú irin. "Ó ní kí n kí yín," ó fi kún un, ó sì yí ojú padà.

Ẹ̀yin tí ẹ ti dá wà rí mọ̀ pé oríṣi méjì ni ìdáwà. Èkíní ni èyí tí kò sẹ́nì kan. Èkejì ni èyí tí ẹnì kan wà, tí ẹ sì fi ìdákẹ́ ẹnu yín lé e lọ. Ti Indumati tẹ́lẹ̀ jẹ́ èkíní, ó sì ti mọ̀ ọ́n gbé. Èkejì yìí kò jẹ́ kó jẹun. Ó ń ṣe iṣẹ́, ó ń fèsì, ṣùgbọ́n bí ọwọ́ ọ̀sán bá ti tó, ẹsẹ̀ rẹ̀ á gbé e dé abẹ́ dóńgóyárò, á dúró, kò ní sí ọwọ́ kankan.

Nígbà tí àkọ́rọ̀ òjò rọ̀, gbogbo ènìyàn jáde síta gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, wọ́n ń gbóòórùn ilẹ̀, àwọn àgbàlagbà ń bọ́ bàtà. Indumati ti fèrèsé rẹ̀ pa. Òjò wà níta, ilẹ̀ wà níta, kò sí èéfín. Ó sunkún.

Kò pẹ́ tí lọ́fíńdà ilẹ̀ tó kẹ́yìn lọ́dún náà fi jiná tán, ó sì di dandan kí wọ́n dán an wò. Bàbá Lallan na ọwọ́ tábà rẹ̀ wá.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́."

"Mo mọ̀. Mo kàn ní kí n bọ̀wọ̀ fún yín ni. Ọwọ́ tó dára, a ti lé e lọ."

Ó fi ìgò sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó jáde. Indumati nìkan ló kù. Ó mú igi tín-ín-rín náà. Ó wo ẹ̀yìn ọwọ́ ara rẹ̀, iṣan tó yọ, àpá ibi tí gíláàsì ẹ̀gbà ti gé e lọ́jọ́ tí Prabhat kú. Ọdún méjìlá. Ó kán an síbẹ̀.

Ó dúró fún ìwọ̀n ife tíì kan, ó gbé e símú. Òjò. Ilẹ̀. Ó ń dúró de ẹ̀kẹta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó mọ̀. Kò dé.

"Kí ló wà lọ́wọ́ rẹ yẹn?"

Ìyá Dinkar ló wọlé, ọ̀pá rẹ̀ lọ́wọ́. Indumati kò nù ún kúrò.

"Ilẹ̀ ni, Màmá."

"O fi sára?"

"Mo fi sára. Kò sí èéfín níbẹ̀, Màmá. Kò sí rí. Ara Girdhari ni èéfín wà. Kò jalè, kò sun nǹkan kan. Èmi ni mo mọ̀, èmi ni mo dákẹ́. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń gbóòórùn rẹ̀, ó sì dùn mọ́ mi. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ pa mí bí ẹ bá fẹ́."

Ìyá arúgbó náà fi ara balẹ̀ jókòó sórí àpótí.

"Ta ló fẹ́ pa ọ́? Wọ́n ní èéfín nìwà, kò ṣé bò mọ́ra. Ọdún mẹ́ta ni mo fi wà lójú fèrèsé yẹn. Ṣé o rò pé afọ́jú ni mí ni?"

"Màmá mọ̀?"

"Mo mọ̀. Mo ní bí mi ò bá sọ ọ́, kò ní sí." Ó ń fi ìka fa etí aṣọ funfun rẹ̀. "Ọdún méjìdínlógójì ni mo ti wọ aṣọ yìí, Indu. Nínú ilé tí wọ́n ti ń se òórùn dídùn láti ayé bàbá ọkọ mi. Bàbá Prabhat fi lọ́fíńdà kan kùn mí lẹ́yìn etí lálẹ́ ìgbéyàwó wa. Mo ń gbìyànjú láti rántí bó ṣe rí. Mi ò rántí mọ́."

Ó na ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀.

"Má rò pé mo gbà fún ọ o. Mi ò gbà. Fi díẹ̀ síbí ná."

Lọ́jọ́ yẹn náà ni Indumati pe Nandita lórí fóònù. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, kò fi bò. Ó ní ìwé tuntun ni kí wọ́n tẹ̀ sára ìgò, ó sì ka ohun tí yóò wà níbẹ̀ fún un: "Òórùn àkọ́rọ̀ òjò lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Kò sí èéfín nínú rẹ̀. Èéfín tí mo kọ tẹ́lẹ̀, ti ọwọ́ Girdhari tó sè é ni. Ó sè é dáadáa. Èmi ni mo ṣi òórùn gbọ́, nítorí ó wù mí láti gbọ́ ọ. Indumati, Kannauj."

Nandita kọ ọ́ sílẹ̀. "Àǹtí, ṣé kí n tẹ̀ ẹ́ báyẹn?"

"Báyẹn gẹ́lẹ́."

Ẹ má jẹ́ kí n parọ́ fún yín pé ó rọrùn. Dinkar la ìgò àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀. "Ẹ ti kó ìtìjú ilé wa sínú ìgò kí gbogbo ayé máa fi para!" Ó kó lọ sí Kanpur. Àwọn ẹbí tó máa ń fi àkàrà aládùn ránṣẹ́ nígbà ọdún kò ránṣẹ́ mọ́. Obìnrin méjì kọ̀ láti bá wọn já òdòdó. Indumati wà nínú yàrá mẹ́jọ yẹn pẹ̀lú ìyá arúgbó tí kò tíì gbà.

Bàbá Lallan ti fi ìgò kan tó ní ìwé tuntun náà lára rán ẹnì kan tó ń lọ sí Ganjam. Oṣù kẹjọ lọ, kò sí èsì. Oṣù kẹsàn-án lọ. Àwọn mìíràn ti padà dé láti etí òkun. Indumati sọ fún ara rẹ̀ pé bí ènìyàn bá pe ènìyàn lólè lójú ọjà, kì í ṣe inú ìgò la ti ń bẹ̀ ẹ́. Ó dáwọ́ ìretí dúró, àbí kó jẹ́ pé ó sọ pé òun dáwọ́ rẹ̀ dúró.

Lọ́jọ́ kan nínú oṣù kẹwàá, lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ó wà nídìí ẹní òdòdó nígbà tó gbọ́ ìró omi. Ẹnì kan ń fi eérú fọ ọwọ́. Ó dìde. Ọkùnrin náà nu ọwọ́ gbẹ, ó wá, ó rù díẹ̀, oòrùn òkun ti sọ ọ́ di dúdú. Ó na ẹ̀yìn ọwọ́ bí ó ṣe máa ń nà án.

Indumati tẹ̀ síwájú. Kò ì tí ì di ojú tó fi gbọ́ ọ. Àlùbọ́sà ni, ó hàn gbangba. Ó ti yé e. Kò dúró de òun mọ́.

"Ẹ ti ń jẹ àlùbọ́sà," ó ní.

"Mo ń jẹ ẹ́." Girdhari rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín tí kò dé ojú. "Kò sẹ́ni tó ń béèrè ọwọ́ mi ní Ganjam. Mo fi oṣù kan dúró. Nígbà tó di oṣù kejì, mo jẹ ẹ́. Mo sunkún, mo sọ fún àwọn tó kù pé àlùbọ́sà ló ta mí lójú."

"Ìgò tí a fi ránṣẹ́ ńkọ́?"

"Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló tó dé ọwọ́ mi. Ẹni tẹ́ ẹ fi rán kọ́kọ́ yà síbi ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀."

Bó bá jẹ́ ọjọ́ mìíràn, Indumati ìbá rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ kún fómi. "Mo dákẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n pè ọ́ lólè lójú mi, mo sì dákẹ́. Má bínú sí mi."

Girdhari gbọ́ ọ pé ó sọ "ọ," kì í ṣe "yín." Ó gbé ojú sókè.

"Mo ti kà á," ó ní. "Ìwé kíkà kò yá mi lára, ẹ mọ̀. Ọjọ́ méjì nínú ọkọ̀ ojú irin ni mo fi kà á. Mo mọ̀ ọ́n sórí."

Indumati sún mọ́ ọn. Ó na ẹ̀yìn ọwọ́ tirẹ̀, tí lọ́fíńdà ilẹ̀ wà lára rẹ̀, jáde láti abẹ́ aṣọ funfun. Girdhari wo ọwọ́ náà, ó wo fèrèsé tí Ìyá Dinkar jókòó sí, ó tún wo ọwọ́ náà. Ó tẹ̀ síwájú láìfọwọ́ kàn án. Ó di ojú. Ó pẹ́ níbẹ̀ gan-an.

"Kí lo gbọ́?"

"Òjò. Ilẹ̀."

"Èéfín ńkọ́?"

"Kò sí." Ó la ojú. "Indumati, kò sí èéfín níbẹ̀ rárá."

Ọdún méjìlá ni kò ti sẹ́ni tó pe orúkọ náà tán pátá nínú àgbàlá yẹn. Ìyàwó ilé ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é, ìyàwó òkú. Ó dúró kí orúkọ náà wọ̀ ọ́ lára.

Ohùn kan bú láti ojú fèrèsé. "Ẹ sọ fún ọkùnrin yẹn pé kò sí àlùbọ́sà nínú ilé yìí o! Bó bá fẹ́ jẹ ẹ́, kó lọ ra tirẹ̀ wá!"

Indumati nu ojú rẹ̀.

"O gbọ́ ohun tí Màmá wí," ó ní. "Lọ rà á wá. Máa jẹ ẹ́ bó ṣe wù ọ́. Láti òní lọ, ọwọ́ tèmi la ó máa lò."